Ẹni tó ríṣẹ́ kò yẹ kó máa bẹ̀rù owó ilé

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba máa ń bá ẹni tí kò níṣẹ́ san owó ilé. Ọ̀rọ̀ yìí lè jọ àlá létí ará Kétu tàbí Àjàṣẹ́ tó ń sáré kiri kó tó rí owó oṣù yìí kó fún onílé. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n dáadáa. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní ẹ̀tọ́ sí i o. Ẹni tí físà rẹ̀ bá sọ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́, kò sí tirẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tó ń dé bá ẹni tó ń gbà á, nígbà tó bá wá ríṣẹ́.

Ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Universal Credit kì í dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́. Kó tó di ìparí ọdún 2021, nínú 100 pọ́n-ùn tí òṣìṣẹ́ bá gbà, wọ́n á yọ 63 kúrò nínú ìrànwọ́ rẹ̀. Wọ́n ti wá dín in kù sí 55. Ìyẹn dára.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni ti àwọn tó ń gbé ilé tí òṣìṣẹ́ ti ń mójú tó wọn: ọ̀dọ́ tí wọ́n lé kúrò nílé, obìnrin tó sá fún ọkọ tó ń lù ú, ẹni tó ti ń sùn lójú títì. Owó ilé bẹ́ẹ̀ wọ́n gan-an nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Kò sí nínú Universal Credit. Ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn bíi mẹ́rì tiwa, ló ń san án lábẹ́ ètò àtijọ́ tó ń jẹ́ Housing Benefit, èyí tó ń yọ 65 nínú 100. Òṣùwọ̀n méjì lórí ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò ọjà. Ní ọdún 2025, àpọ́n tí kò tíì pé ọdún 25 ń gba nǹkan bíi 317 pọ́n-ùn lóṣù, yàtọ̀ sí owó ilé. Bí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá dé nǹkan bíi 576, 317 yẹn ti tán. Iṣẹ́ wákàtí 11 tàbí 12 lọ́sẹ̀ ti tó láti débẹ̀. Títí di ìgbà náà, wọ́n ń bá a san owó ilé. Ọjọ́ tí Universal Credit bá di òdo ni wọ́n á ní kó wá máa dá sí i, ó sì lè lé ní 30 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀. Pọ́n-ùn kan ju 700 sẹ́fà lọ o! Wákàtí kan tó fi kún iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ajigbèsè.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ̀ láti fi ọjọ́ kan kún iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má yára pè é ní ọ̀lẹ. Ìyá ọlọ́jà wo ló máa gbé ẹrù lọ sọ́jà Àjàrá nígbà tó mọ̀ pé owó ọkọ̀ àti owó ìsọ̀ á ju èrè lọ?

Àwọn kan ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ti ń san owó ilé. Èmi náà gbà. Ṣùgbọ́n kó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí owó iṣẹ́ ti ń gòkè. Kí wọ́n fi 55 ṣe òṣùwọ̀n fún méjèèjì, kí wọ́n sì jẹ́ kó gba owó iṣẹ́ tó nítumọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan owó ilé rẹ̀. Yóò ná ìjọba lówó lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tí ìṣirò yìí bá dẹ́rù bà, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba náà ló ń san gbogbo owó ilé rẹ̀ àti 317 lé e, ibùsùn rẹ̀ kò sì ṣófo fún ẹlòmíràn tó ṣì ń sùn lójú títì.