Ẹ Má Gba Ìtàgé Lọ́wọ́ Àwọn Ọmọkùnrin

Bí ìdánwò WAEC bá ti ń sún mọ́lé, ẹgbẹ́ akọrin àti eré orí ìtàgé ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọmọkùnrin kọ́kọ́ ń pa tì. Àṣìṣe ni. CMS Grammar School l'Ékòó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, wà lára ibi tí Fẹlá Ṣówándé ti kàwé kó tó di ògbóǹtarìgì atẹdùùrù. Government College Ìbàdàn ni Wọlé Ṣóyínká lọ, kó tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ló sọ wọ́n di ńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí a kò bomi rin, gbígbẹ ló ń gbẹ.

Àwọn kan ní eré ń jẹ àkókò ìwé. Ọmọ tó há ọ̀rọ̀ sórí, tó dúró kí ẹnìkejì parí kó tó fèsì, tó sì sọ̀rọ̀ ketekete kí ará ẹ̀yìn lè gbọ́, ṣé kò kẹ́kọ̀ọ́ ni? Àwọn mìíràn ní kò yẹ kí ọmọkùnrin wé gèlè ṣe ìyá lórí ìtàgé. Ṣebí ọkùnrin ló ń múra bí obìnrin nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí a sì ń yẹ́ wọn sí? Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, wákàtí méjì péré lọ́sẹ̀ la ń tọrọ.