Ọmọ Tí A Bí sí Accra, Tí Yunifásítì Pè Ní Àjòjì

Àdúgbò kan wà ní Accra tí wọ́n ń pè ní New Town lónìí. Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀fà ni bàbá ńlá ọ̀pọ̀ Yorùbá Gánà ti gbé òwò wọn wá sí ilẹ̀ náà. Ọmọ tí a bí sínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ a máa gbọ́ Gà, a máa gbọ́ Twi, a sì máa jókòó ṣe ìdánwò WASSCE pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àjọ tí ń ṣe ìdánwò náà, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, Gánà àti Nàìjíríà ni wọ́n jọ wà nínú rẹ̀, Accra gan-an sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ìdánwò kan náà, ìwé ẹ̀rí kan náà. Ìgbà tí ọmọ bá dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni wọn yóò wá wí fún un pé àlejò ni, dọ́là ni yóò fi sanwó.

Òfin ni wọ́n dì mú, kò sí irọ́ níbẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Gánà ti 1992 wí pé òbí tàbí òbí àgbà tí í ṣe ọmọ Gánà ni ó ń sọ ọmọ di ọmọ ìlú. Ibi tí a bí i sí kò já mọ́ nǹkan kan. Òfin yìí kan náà sì sọ pé ọmọ tí kò ju ọdún méje lọ, tí a rí he ní Gánà, tí a kò mọ òbí rẹ̀, ọmọ Gánà ni. Ọ̀rọ̀ náà ya ni lẹ́nu! Ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé sọ sí ẹ̀bá ọ̀nà ní ìlú. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi aṣọ títà tọ́ dàgbà ní ọjà Mákólà kò ní.

Owó tí ìjọba Gánà ń yá akẹ́kọ̀ọ́, káàdì ọmọ Gánà ni wọ́n fi ń gbà á. Ìrànlọ́wọ́ owó ọdún kìíní tí ìjọba Mahama gbé kalẹ̀ ní 2025 kò kan ọmọ yìí. Bí ó bá yíjú sí Nàìjíríà, owó àyálò tí òfin 2024 fi lélẹ̀ níbẹ̀ wà fún ẹni tí ń kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó wá dà bí àdán, kò ṣeku kò ṣẹyẹ.

Ẹni tí ó bá ní owó Gánà kò tó ọmọ onílé, ká má tilẹ̀ ti àlejò sọ, kò purọ́. Ṣùgbọ́n òbí ọmọ yìí ń san owó ìsọ̀, ó sì ń san owó orí lórí ohun tí ó ń rà. Abala 25 òfin ìpìlẹ̀ náà kò sì dárúkọ ọmọ ìlú nìkan nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́: gbogbo ènìyàn ni ó wí. Àdéhùn ECOWAS ti 1986 pẹ̀lú ní kí ọmọ òṣìṣẹ́ àlejò máa wọ ilé-ẹ̀kọ́ bí ọmọ onílé. Àlébù ibẹ̀ ni pé òbí tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ pé nìkan ni ó dárúkọ, kí sì ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ tí a kò tí ì bí nígbà tí bàbá rẹ̀ kò gba ìwé?

Ọ̀ràn ìwé yìí ni ó tú Yorùbá ká ní Gánà. Ní ọjọ́ 18 oṣù November 1969, ìjọba Busia fún àjòjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù. Àwọn tí a bí síbẹ̀ wà lára wọn. Ní January 1983, ìjọba Shagari ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ará Gánà ní Nàìjíríà, orúkọ ìlú wọn sì wà lára àpò títí di òní. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ń ná owó CFA ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Benin àti Togo nínú wọn, ti pàṣẹ ní 2005 pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ara wọn máa san iye kan náà pẹ̀lú ọmọ onílé ní yunifásítì ìjọba. Lábẹ́ àṣẹ yìí, ọmọ Kétu ní ẹ̀tọ́ ní Lomé tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ní Legon.

Kí ọdún tí ọmọ fi kàwé ní Gánà jẹ́ òṣùwọ̀n owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Texas ní Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2001 fún ọmọ tí kò ní ìwé tí ó bá ti gbé níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, títí ilé-ẹjọ́ fi fagi lé e ní June 2025. Kí Abuja náà ṣe é fún ọmọ Gánà ní Èkó, kí ó má baà jẹ́ ẹnu lásán ni yóò fi bẹ Accra. Kí àwọn òbí pẹ̀lú tètè gba ìwé ìbí àti ìwé ìrìnnà Nàìjíríà fún ọmọ wọn. Ọdún tí ọmọ ń ṣe WASSCE ti pẹ́ jù láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a.