Ewé Ni Sátẹ́láìtì Ń Rí, Kì Í Ṣe Oúnjẹ

Ìyàn kì í ṣàdédé wọ̀lú. Òjò á kọ́kọ́ dá, irúgbìn á rọ, ọjà á wọ́n, kí ebi tó wọlé. Kí àwọn elétò ìrànwọ́ lè mọ̀ nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ni wọ́n ṣe ń wojú sátẹ́láìtì. Ọ̀dá ńlá ilẹ̀ Sahel ló bí àjọ AGRHYMET ní Niamey lọ́dún 1974. Ìyàn ilẹ̀ Ethiopia wà lára ohun tó mú kí Amẹ́ríkà dá ètò ìkìlọ̀ ìyàn tó ń jẹ́ FEWS NET sílẹ̀ ní 1985.

Ewé tó yè kooro máa ń fa ìmọ́lẹ̀ pupa mu, á sì da oríṣi ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú èèyàn kò rí padà sókè. Sátẹ́láìtì ń wọn méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ wọn bá pọ̀, ara ewé le. Bó bá ń dín kù, irúgbìn ń jìyà nìyẹn. Wọ́n á wá fi tọdún yìí wé ti àwọn ọdún tó ti kọjá. Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ gòkè ní 2015, ń rí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 10 péré, bí ìkùukùu kò bá bò ó.

Àmọ́ ẹ gbé e dé Lougba, ní Bantè, ilẹ̀ Benin, níbi tí kajú ti gbilẹ̀. Àgbàdo lè gbẹ kí kajú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Abẹ́ ilẹ̀ loúnjẹ tiwọn wà. Àwọn onímọ̀ tó fi sátẹ́láìtì wo oko kajú Benin rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín 2015 sí 2021, orí ilẹ̀ oko àti ilẹ̀ tó ń sinmi lèyí tó pọ̀ jù nínú tuntun sì wà. Ẹni tó ń fowó kajú ra àgbàdo, bí iye kajú bá já wálẹ̀, ebi lè pa á láàárín ewé tútù. Sátẹ́láìtì wo ló máa rí ìyẹn?

Ìdí nìyẹn tí ètò Cadre Harmonisé, tí Benin wà nínú rẹ̀, fi ń kó ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run, iye ọjà àti ìwádìí inú ilé pọ̀ kó tó pín agbègbè sí ìpele ebi, láti 1 dé 5. Láti ìpele 3 ni wọ́n ti ń kà á sí wàhálà. Bí oníwádìí bá kanlẹ̀kùn yín ní Lougba tàbí Savalou, tó ń béèrè iye tí gàrí di àti ìgbà mélòó lẹ ń jẹun lóòjọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a lóhùn. Ẹ má bù sí i, ẹ má bù kúrò.