Purotéènì àjèjì kì í ṣe jẹjẹrẹ

Sí Olóòtú,

Òǹkọ̀wé yín tó ní ẹni tí wọ́n bá bá purotéènì àjèjì nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kó sí wàhálà jẹjẹrẹ myeloma kàn ń já aráàlú láyà ni.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè èròjà agbógun-ti-àrùn ń gbé. Bí ọ̀kan bá yapa, tó ń bí irú ara rẹ̀ ṣáá, irú purotéènì kan ṣoṣo, tí kò wúlò, ni gbogbo wọn á máa tú sẹ́jẹ̀; òun ni purotéènì àjèjì náà. Àmọ́ ìwádìí ní Minnesota, Amẹ́ríkà, rí i lára nǹkan bí ẹni 3 nínú 100 tó ti pé 50 ọdún, láìsí àìsàn kankan. Nínú 100 irú wọn, bí ẹnì kan ló ń bọ́ sínú àrùn gidi lọ́dún. Àyẹ̀wò lóòrèkóòrè ló kàn wọ́n.

Èyí tó yẹ kí òǹkọ̀wé náà tẹnu mọ́ ló fò: àwa aláwọ̀ dúdú ni myeloma ń mú jù, bí ìlọ́po méjì ti àwọn òyìnbó. Ẹ̀yìn ń dun bàbá tọ̀sán-tòru, a ní làkúrègbé ni, a ń fi àbóníkí ra á, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ myeloma. Bí àárẹ̀ àti àìtó ẹ̀jẹ̀ bá kún ìrora náà, ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wọn wò. Ẹ má sì jẹ́ kí bàbá lo oògùn ìrora ibuprofen: ó lè ba kíndìnrín tí purotéènì náà ti ń dà láàmú jẹ́.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn