Kí A Tó Yáwó Ra Kámẹ́rà Tuntun

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kan àwọn ayàwòrán àti àwọn onífídíò tó wà láàárín wa. Ó kan àwọn tó ń ta kámẹ́rà, ó sì kan gbogbo ẹni tó bá ti ṣe onídùúró fún wọn rí. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé kò sí ẹni tí kò kàn nínú wa, torí pé owó tí à ń yá ara wa kì í ṣe owó alága, kì í ṣe owó akápò. Owó àjẹṣẹ́kù gbogbo wa ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Mo ní kò yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan yáwó ra kámẹ́rà tuntun nítorí àléébù ti àtijọ́, láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà náà ti fi àtúnṣe àléébù ọ̀hún síta lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sì tún ní ó yẹ kí ẹgbẹ́ ran irú ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Láyé ìgbà tí à ń lo fíìmù, bí kámẹ́rà bá ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde náà ló máa rí títí tó fi máa gbó. Kámẹ́rà ayé òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà yìí sì ní ìwé òfin tirẹ̀ tó ń sọ fún un bí yóò ṣe mú ojú àwòrán, bí yóò ṣe wọn ìmọ́lẹ̀, bí yóò ṣe kọ àwòrán sórí mẹ́mórì káàdì, àti ìgbà tí yóò kéde pé bátìrì ti fẹ́ tán. Àkójọ òfin yìí ni wọ́n ń pè ní firmware. Ilé iṣẹ́ tó kọ ọ́ lè tún un kọ, kó sì fi ẹ̀dà tuntun síta. Ẹni tó bá ní fóònù ìgbàlódé mọ irú rẹ̀, torí pé fóònù á fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àpídéètì ti dé. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Olówó rẹ̀ ni yóò wá a lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wa wà, torí ohun tí ẹnikẹ́ni kò kéde fúnni, èèyàn lè lo kámẹ́rà ọdún mẹ́wàá kó má mọ̀ pé ó wà.

Ṣé àtúnṣe yìí tó nǹkan? Ẹ jẹ́ kí á wo kámẹ́rà kan tí àwọn onífídíò mọ̀ dáadáa, Canon 5D Mark II, tó jáde lọ́dún 2008. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, àwọn tó rà á rí àmì dúdú kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná nínú àwòrán tí wọ́n bá yà lóru. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, Canon fi firmware síta láti tún un ṣe. Lóṣù kẹfà ọdún 2009 kan náà, wọ́n fi òmíràn síta tó jẹ́ kí onífídíò lè fọwọ́ ara rẹ̀ yan bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe wọlé tó, ohun tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2010, wọ́n tún fi òmíràn síta. Ìyẹn ló jẹ́ kí kámẹ́rà náà lè ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú fídíò, nígbà tó jẹ́ pé 30 nìkan ló mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹnìkan lè ní, kí ni 25 àti 30 já mọ́? Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀ fún wa níbí. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń mú kí gílóòbù gígùn inú gbọ̀ngàn ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa kò rí i. Ẹ pín 100 sí 25, mẹ́rin gééré ni. Ẹ pín in sí 30, kò ní pín gééré. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí fídíò ìgbéyàwó tí wọ́n yà lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀ fi lè máa ṣẹ́jú pàkòpàkò, tí ìyàwó á sì ní ayàwòrán ba òde òun jẹ́. Ẹni tó ní kámẹ́rà yìí nígbà náà, tí kò gbọ́ nípa àtúnṣe yìí, lè máa rò pé ó di dandan kí òun ra òmíràn. Ẹni tó gbọ́ kò san kọ́bọ̀, àfi owó dátà.

Kì í ṣe Canon nìkan. Fujifilm ní kámẹ́rà kan tí wọ́n ń pè ní X100, tó jáde lọ́dún 2011. Ní ọdún 2013, nígbà tí arọ́pò rẹ̀ ti wà lórí igbá, ilé iṣẹ́ náà ṣì fi firmware tuntun síta fún X100 àtijọ́, èyí tó jẹ́ kó tètè máa mú ojú àwòrán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Kí ló wá dé tí a ó fi máa forí tẹ́lẹ̀ bẹ onídùúró?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, “Ohun tí kò bàjẹ́, kí la fẹ́ tún ṣe lára rẹ̀?” Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ó sì ní ẹ̀rí. Àtúnṣe oṣù kẹta ọdún 2010 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀dà tó kọ́kọ́ jáde ní àléébù tirẹ̀ nínú gbígba ohùn. Kíá ni Canon kó o kúrò nílẹ̀, láìpẹ́ ni wọ́n sì fi èyí tó pé rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má sáré. Bí àtúnṣe bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lónìí, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sì ṣe é láéláé ní alẹ́ ọjọ́ tí òde ńlá ku ọ̀la. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àmọ́ kí á má ṣe sáré yàtọ̀ sí kí á má ṣe é rárá.

Firmware kò sì lè wo gbogbo àrùn. Kámẹ́rà tó bọ́ sómi, lẹ́ńsì tó hu èbu, bọ́tìnnì tó ti já, ọwọ́ atúnṣe ni gbogbo ìyẹn wà. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra kámẹ́rà tuntun láé. Mo ní kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ti ọwọ́ wa ni.

Báwo wá la ṣe ń ṣe é? Kọ̀ǹpútà ilé tó mọ́ tónítóní, tó lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti tó. Èkíní, ẹ wo orúkọ kámẹ́rà yín títí dé òpin, torí Mark II kì í ṣe Mark III. Ẹ wọ inú ètò kámẹ́rà náà, ẹ ó rí nọ́ńbà firmware rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Èkejì, ẹ lọ sí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi nọ́ńbà tiyín wé tiwọn. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ọ̀rọ̀ parí, ẹ pa kọ̀ǹpútà yín dé. Bí tiwọn bá ga ju tiyín lọ, ẹ ka àlàyé tó wà níbẹ̀, kí ẹ mọ ohun tó ń tún ṣe, kí ẹ tó wa fáìlì náà sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ kó gbogbo àwòrán tó wà lórí mẹ́mórì káàdì yín kúrò, kí ẹ sì ṣe fọ́mààtì káàdì náà nínú kámẹ́rà, kì í ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, ẹ da fáìlì náà kọ sórí káàdì. Ti Canon sábà máa ń parí sí .FIR, ti Nikon sí .BIN, ti Fujifilm sí .DAT. Ẹ má ṣe yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ má sì ṣe fi í sínú fódà kankan. Ìta gbangba káàdì ni kó wà. Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣáájì bátìrì kó kún dẹ́múdẹ́mú. Ẹ ti káàdì bọ inú kámẹ́rà, ẹ padà síbi tí ẹ ti rí nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fọwọ́ sí i pé kó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ ká ọwọ́ yín kò. Ẹ má tẹ nǹkan kan, ẹ má pa á, ẹ má ṣí ilé bátìrì. Bí iná bá kú mọ́ kámẹ́rà lójú lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó lè má jí mọ́ títí ẹ ó fi gbé e lọ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Tó bá parí, ẹ wo nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì ya àwòrán díẹ̀ dán an wò.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ iná tí ń bà wá lẹ́rù kò le tó bẹ́ẹ̀? Bí àwọn oníná, tí ẹnu wa kò tíì yé pè ní NẸ́PÀ, bá mú iná lọ nígbà tí ẹ ṣì ń kọ fáìlì sórí káàdì, kò bà á jẹ́, ẹ ó kàn tún un kọ ni. Bátìrì kámẹ́rà ló ń ṣe èyí tó kù. Àmọ́ àwọn kámẹ́rà kan wà, bí àwọn Sony kan, tó jẹ́ pé okùn la fi ń so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà ní tààrà títí iṣẹ́ yóò fi parí. Fún irú wọn, ẹ lo kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì tirẹ̀ náà kún.

Ohun kan tún kù tí mi ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ẹ má gba firmware lọ́wọ́ ẹni tó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má sì so kámẹ́rà yín mọ́ kọ̀ǹpútà tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún 2019, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ilé iṣẹ́ Check Point fi hàn pé èèyàn lè gba inú okùn kọ̀ǹpútà tàbí Wi-Fi wọ inú kámẹ́rà Canon 80D, kó sì ti gbogbo àwòrán inú rẹ̀ pa. Ìdánwò ni tiwọn, wọn ò fi í ja ẹnikẹ́ni lólè, Canon sì fi àtúnṣe síta. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wò ó: ẹ̀yin tí ẹ ya ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹnìkan máa bèèrè owó lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí ẹ tó rí àwòrán ìyàwó! Kí ẹni tó ń gba àtúnṣe mọ orírun rẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bá fẹ́ bá yín ṣe é, ẹ ní kí wọ́n ṣe é lójú yín, kí ẹ sì rí ibi tí wọ́n ti mú fáìlì náà wá.

Kí la wá fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe? Ohun mẹ́ta ni mo ń dábàá. Èkíní, kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó máa bi ẹni tó bá fẹ́ yáwó kámẹ́rà pé, “Kí ló ń ṣe ti ọwọ́ rẹ? Ṣé o ti wo firmware rẹ̀?” Ìbéèrè lásán ni, kì í ṣe ìdènà, ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá tọ́ kí ó gba owó rẹ̀. Èkejì, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà nílé, tó sì mọ̀ ọ́n lò, yọ̀ọ̀da ọjọ́ kan lóṣù fún àwọn tí kò ní, kí wọ́n sì dá owó dátà náà jọ. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin tí ẹ ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀ máa fi nọ́ńbà firmware han oníbàárà kó tó sanwó, kí ẹ sì bá a ṣe àtúnṣe náà bó bá yẹ. Oníbàárà tó bá rí irú ìwà bẹ́ẹ̀ á mú òmíràn wá.

Èmi kò rí i bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Bí ẹnìkan bá yáwó tí kò yẹ kó yá, tí òde kò wá wọlé bó ṣe rò, onídùúró rẹ̀ ni wọn yóò mú, ẹ̀yáwó tí ìyá aláṣọ ń dúró dè á sì falẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wákàtí kan nídìí kọ̀ǹpútà ilé lè ti parí ọ̀rọ̀ náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ayàwòrán tó bá ń ka ìwé yìí lọ gbé kámẹ́rà rẹ̀, kó wo nọ́ńbà inú rẹ̀ lónìí, kó sì mú un wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀.