Ẹ Yé Kó Ọmọ Ilé-Ìwé Lọ Ya Fọ́tò Lẹ́bàá Gọ́tà

Ẹ ti rí fọ́tò yìí rí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé bí ogún wọ tí-ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, wọ́n fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, wọ́n di ìgbálẹ̀ mú. Wọ́n ṣa ọ̀rá piọ wọ́tà fún wákàtí kan, wọ́n rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gọ́tà náà ti kún padà. Ṣùgbọ́n lórí Instagram, wọ́n ní àwọn ọmọ náà ti kọ́ bí a ṣe ń tún ayé ṣe.

Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí fọ́tò yẹn, torí èmi náà ti wà nínú ẹ̀ rí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ní 2022, ilé-ìwé girama kan n'Ìbàdàn ní kí n wá ran àwọn ọmọ SS2 lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ àkànṣe nípa àyíká. Àwọn ọmọ náà já fáfá. Àfojúsùn 17 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò sí ní 2015, tí wọ́n fẹ́ kó ṣẹ kó tó di 2030, wọ́n lè kà á lórí láìwo ìwé. A jókòó sí yàrá kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a ṣe áàpù kan: tí gọ́tà bá dí ládùúgbò rẹ, ya fọ́tò rẹ̀, tẹ bọ́tìnì, ó ti dórí máàpù. Áàpù náà rẹwà. Mo fi yangàn.

Lọ́jọ́ tí a gbé e dé àdúgbò kan lẹ́bàá odò, ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ wo fóònù náà títí. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ta ló ń bọ̀?"

A ń wojú ara wa. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Máàpù wa ò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìyá náà ò tíì parí. "Gbogbo wa la mọ̀ pé gọ́tà dí. Àwa la ń dalẹ̀ sí i. Ọkọ̀ tó ń kólẹ̀ ò lè wọ ibí, ọ̀nà ti há jù. Ibo lẹ fẹ́ ká dà á sí?"

Ohun tó sọ yẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Tá a bá ti bi í kí a tó kọ kóòdù, a ò bá má ṣe áàpù yẹn rárá. Bẹ́ẹ̀ ìlànà àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ wa nìyẹn: bi ẹni tó máa lò ó kó o tó ṣe é. Mo kọ́ ọ ní yunifásítì, mo ṣe ìdánwò lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n torí pé àdúgbò tálákà ni, mo rò pé a wá kọ́ wọn ni, mi ò mọ̀ pé àwa gan-an ló yẹ ká kọ́ ẹ̀kọ́.

Ìjà mi nìyẹn. A ní a fẹ́ kí ọmọ kọ́ bí a ó ṣe lo ayé tí kò ní bàjẹ́ mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. A wá sọ ará àdúgbò, tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀, di òǹwòran.

Bi ọmọ SS2 n'Ìbàdàn nípa ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Á sọ fún ẹ nípa yìnyín tó ń yọ́ ní òpin ayé lọ́hùn-ún. Bi í nípa Ògùnpa, á dákẹ́. Ní August 31, 1980, Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn lọ. Ní August 26, 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn, èèyàn tó kú lé ní 100. Àwọn tó lè nawọ́ sí ara ògiri, kí wọ́n fi ibi tí omi dé hàn ẹ́, ṣì wà láàyè. Dátà nìyẹn. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ bá wọn. Kí oníjọ́gíráfì wọn ibi tí omi dé, kó ya máàpù. Kí onímátíìkì wọn bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó, kó ṣírò irú kẹ̀kẹ́ tó lè gba ibẹ̀ kólẹ̀. Kí oníkẹ́mísírì ṣàlàyé ohun tí èéfín ọ̀rá tí à ń sun ń ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n wá gbé e lọ sí ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù, kí àwọn àti lánlọ́ọ̀dù jọ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀.

Ṣé ẹ̀kọ́ nípa gbogbo ayé lèyí? Òun gan-an ni. Ọ̀rá tó bọ́ sí gọ́tà ń wá odò lọ, odò ń wá òkun lọ, òkun ò sì lórílẹ̀-èdè.

Tíṣà á ní, "WAEC ń bọ̀, ibo la ti fẹ́ ráyè?" Ẹ jọ̀ọ́, a ráyè ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún áàpù tẹ́nì kankan ò lò. Ẹlòmíì á ní, ṣé ìyẹn ò sàn ju kí wọ́n má ṣe nǹkan kan lọ? Kò sàn. Ọmọ náà kẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀: pé ìṣòro tán nígbà tí fọ́tò bá ti dórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé àìmọ̀kan ló ń mú tálákà dalẹ̀ sí gọ́tà. Ẹni tó kọ́ ìyẹn lọ́mọ ọdún 15, tó bá di kọmíṣọ́nnà lẹ́ni ọdún 45, pátákó ìkìlọ̀ ló máa rì mọ́lẹ̀, kò ní rán ọkọ̀ wá.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mò ń béèrè. Kí ará àdúgbò fúnra wọn sọ ohun tó ń dùn wọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí iṣẹ́ náà gba ọdún ẹ̀kọ́ kan gbáko, kí òjò bá wọn lẹ́nu ẹ̀. Kí ará àdúgbò ní ìpín nínú máàkì tí wọ́n máa fún ọmọ. Kí àbájáde rẹ̀ kọ́kọ́ dé ìpàdé àdúgbò, lédè Yorùbá, kó tó dé Instagram.

Mo ti pa áàpù yẹn rẹ́. Ìwọ tó o ń kà á yìí, wọ́n lè pè ẹ́ lọ́la kó o wá ṣe irú ẹ̀. Kó o tó ṣí láptọ́ọ̀pù, lọ jẹ ẹ̀kọ lọ́dọ̀ ìyá kan ládùúgbò yẹn. Kó o jókòó. Kó o jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.