A Kì í Ṣoore Ká Lóṣòó Tì Í

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sì wí pé a kì í ṣoore ká lóṣòó tì í. Òwe méjèèjì yìí ni ó yẹ kí á fi wo ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà ní àwọn ọgbà ìgbafẹ́ àti igbó àjogúnbá wa.

Ẹ jẹ́ kí á fi Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní 2005. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni ṣọdẹ níbẹ̀, kí ó pẹja inú odò, tàbí kí ó gé igi. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́-ọnà bí Adébísí Àkànjí fi ọ̀pọ̀ ọdún tún àwọn ojúbọ ibẹ̀ ṣe. Ère tí wọ́n mọ kò polówó ọjà kankan.

Nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ní oṣù kẹjọ, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá a máa náwó, wọn a sì gbé àsíá àti pátákó ìpolówó wọn wá. A kò bú wọn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀rọ omi, ìjókòó àti àpótí ìdalẹ̀sí, owó ni a fi ń ṣe gbogbo wọn, owó ìjọba kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ orúkọ ọjà sára ìjókòó tí ó kọjú sí odò, olóore ti lóṣòó ti oore rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ mú wá kọ́ ìtàn yóò ka orúkọ ọtí kí ó tó gbọ́ orúkọ Ọ̀ṣun. Ẹni tí ó gba ara ìjókòó lónìí lè béèrè ara igi lọ́la.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìjọba, àwọn olùtọ́jú igbó náà àti Àtáọ́ja fẹnu kò. Kí a gbé pátákó kan ṣoṣo sí ìta ẹnu ọ̀nà, kí a kọ orúkọ gbogbo olóore sí i ní lẹ́tà kan náà, láìsí àwòrán ọjà. Kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba ní ààfin lọ́jọ́ ọdún. Nínú igbó, àmì ọ̀nà àti àmì èèwọ̀ nìkan ni kí ojú máa rí.

Olóore tòótọ́ kò ní bínú sí èyí. Àwa náà kò sì ní di aláìmoore.